Àwọn Tí Ń Gba Ìjọba Nímọ̀ràn Lórí Dróònù

Dróònù ni orúkọ tí a ń pe ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, tí ẹni tí ó dúró lórí ilẹ̀ ń fi ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ darí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó ti rí i níbi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà, tí ó ń ya àwòrán láti òkè. Ohun tí ó wúlò ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá já, ó lè fọ́ ènìyàn lórí. Bí ó bá pàdé bàálù lókè, ó lè fi ẹ̀mí èrò sínú ewu. Ó sì lè yọjú wo àgbàlá ẹni tí kò pè é. Nítorí náà ni àwọn ìjọba ṣe ń ṣe òfin lé e. Ta ni ó yẹ kí ó gba ìjọba nímọ̀ràn kí òfin náà tó jáde? Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ṣe é ní Amẹ́ríkà.

Ìmọ̀ràn kì í ṣe àṣẹ

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà pinnu pé kí àwọn tí ó ní dróònù máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FAA, èyí tí í ṣe àjọ tí ń bójú tó ìrìnnà òfúrufú níbẹ̀. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan láti dámọ̀ràn ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é. Àwọn tí ń ṣe dróònù wà nínú rẹ̀, àwọn tí ń tà á wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn awakọ̀ bàálù àti àwọn tí ń fi bàálù ìṣeré dárayá. Ní oṣù kọkànlá wọ́n ti jábọ̀.

Wọn kò fi ojú lásán díwọ̀n. Wọ́n ṣírò agbára tí ohun tí ó já láti òkè lè fi lu orí ènìyàn, wọ́n sì wí pé dróònù tí ó bá wúwo ju gíráàmù 250 lọ, èyíinì ni ìdá mẹ́rin kílò kan, ni kí a forúkọ olówó rẹ̀ sílẹ̀. Ìjọba gba èyí. Wọ́n tún wí pé kí ìforúkọsílẹ̀ náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìjọba kò gba èyí. Dọ́là 5 ni wọ́n ní kí a san. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún náà.

Ìgbìmọ̀ ni í dámọ̀ràn, ìjọba ni í pàṣẹ, ilé ẹjọ́ sì lè yẹ àṣẹ náà wò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé òfin náà fún àwọn tí ń fi dróònù ṣeré, nítorí pé òfin ọdún 2012 ti ká FAA lọ́wọ́ kò lórí bàálù ìṣeré. Kí ọdún náà tó parí, àwọn aṣòfin dá ìforúkọsílẹ̀ náà padà.

Iṣẹ́ àwọn olùwádìí

Ìmọ̀ràn tí kò ní ìwádìí nídìí, àbá lásán ni. Ní ọdún 2015 kan náà, FAA gbé iṣẹ́ ìwádìí lé ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì kan lọ́wọ́, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Mississippi sì ni aṣáájú wọn. Ní ọdún 2017 wọ́n fi hàn pé dróònù tí ó kọlu bàálù ń bà á jẹ́ ju ẹyẹ tí ìwọ̀n wọn dọ́gba lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ara ẹyẹ rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àti bátìrì inú dróònù le.

Ta ni ó jókòó, ta ni ó wà níta?

Ní ọdún 2016, FAA dá ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn mìíràn sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ dróònù. Brian Krzanich, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ Intel nígbà náà, ni alága rẹ̀. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ EPIC, tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àṣírí ará ìlú, gbé ìgbìmọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Wọ́n ní òfin ọdún 1972 pàṣẹ pé kí ìpàdé irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn ṣèpàdé. Ní ọdún 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dájọ́ pé òfin náà kò de àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké.

Ẹjọ́ parí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò parí. Àwọn àgbà wa ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Oníṣòwò dróònù ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ẹni tí dróònù ń fò kọjá lórí òrùlé rẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Bí ọ̀kan bá jókòó tí èkejì wà níta, ìmọ̀ràn náà kò pé.

Ní Nàìjíríà, ẹni tí ó bá fẹ́ lo dróònù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ NCAA, àjọ tí ń bójú tó ìrìnnà òfúrufú wa, àti lọ́dọ̀ Olùdámọ̀ràn lórí Ààbò Orílẹ̀-èdè. Ẹ má ṣe gbé e sókè láìgbàṣẹ. Nígbàkúùgbà tí ìjọba bá sì béèrè èrò ará ìlú lórí irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹ fèsì. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.