Másùnmáwo àti Ìdàrú-iyè: Ọ̀rọ̀ Wo Ni A Ó Fi Ṣàlàyé Wọn?

Ìfáárà

Olùkọ́ tàbí atúmọ̀-èdè tí ó bá ti gbìyànjú láti kọ ìwé ìlera lórí àrùn ọpọlọ ní èdè Yorùbá yóò ti rí i pé ọ̀rọ̀ méjì kan máa ń di ẹrù wúwo. Èkíní ni ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “stress”. Èkejì ni “psychosis”. Fún èkíní, ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ̀ jù. Fún èkejì, ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn jẹ́ èébú. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti fi hàn pé okùn kan so nǹkan méjèèjì pọ̀. Bí a kò bá ní ọ̀rọ̀ tí ó ṣe rẹ́gí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, a kò lè fi okùn náà han akẹ́kọ̀ọ́, aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí èkíní ṣe ń lọ́wọ́ nínú èkejì, kí a sì dábàá àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè lò.

1. Adánilágara àti másùnmáwo

Ní ọdún 1936, Hans Selye, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, kọ ìwé kúkúrú kan láti fi hàn pé, ìbáà ṣe òtútù, ọgbẹ́, iṣẹ́ àṣejù tàbí májèlé ni a fi ni eku lára, ohun kan náà ni ara rẹ̀ máa ń ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó mú kí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gbilẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí pè: ohun tí ó ń ni ènìyàn lára, àti ohun tí ara àti ọkàn ń ṣe nítorí rẹ̀.

Èdè Yorùbá lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Wàhálà, ìyọnu, ìpọ́njú àti ìnira sábà máa ń tọ́ka sí ohun tí ó ti òde wá. Hílàhílo, ìdààmú ọkàn àti àìfọkànbalẹ̀ ń tọ́ka sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú. A dábàá pé kí a pe ohun tí ó ti òde wá ní adánilágara: ikú òbí, gbèsè, ogun, ìpàdánù iṣẹ́, ìgbé-ayé àdádó ní ilẹ̀ àjèjì. Kí a sì pe ohun tí ara àti ọkàn ń ṣe sí i ní másùnmáwo. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, oorun sì wà nínú rẹ̀ gan-an. Àìrí oorun sùn sì wà lára àmì tí ó máa ń tètè yọ.

2. Ìdàrú-iyè

Wèrè, aṣínwín, dìgbòlugi: gbogbo wa mọ̀ wọ́n. Dìgbòlugi ni a ń pe ajá tí orí rẹ̀ dàrú. Wèrè, ẹ̀wẹ̀, ni ọ̀rọ̀ tí a ń sọ sí awakọ̀ tí ó bá já lu ọ̀nà wa. Ó sì tún ń sọ ènìyàn náà di àrùn rẹ̀. “Àìsàn ọpọlọ” kò ní èébú nínú, ṣùgbọ́n ó gbòòrò jù, nítorí pé wárápá àti kókó inú ọpọlọ wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹran ara tí ó wà nínú agbárí ni ọpọlọ. Iyè ni agbára tí a fi ń mọ nǹkan, tí a fi ń rántí, tí a fi ń mọ ìyàtọ̀. Àrùn tí a ń sọ yìí ni èyí tí kò jẹ́ kí ènìyàn lè ya ohun tí ó wà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò sí. Nítorí náà ni a ṣe dábàá ìdàrú-iyè. Àmì rẹ̀ pàtàkì jẹ́ méjì. Aláìsàn lè máa gbọ́ ohùn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. A ó pe èyí ní ohùn àìrí. Ó sì lè di èrò kan mú tí ẹ̀rí kankan kò lè yí padà, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ pàápàá kò sì gbà. A ó pe èyí ní èrò òdì.

Ó yẹ kí atúmọ̀-èdè ṣọ́ra níhìn-ín. Ní ọdún 1960, Raymond Prince kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná fún, tí ojú wọn kò ríran ìwé dáadáa mọ́, tí ohun tí wọ́n kà kò sì wọ̀ wọ́n lórí. Másùnmáwo ni èyí, ìdàrú-iyè kọ́. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan pe méjèèjì yóò dẹ́rù ba ọmọ tí kò nílò ju ìsinmi àti ìtọ́sọ́nà lọ.

3. Bí èkíní ṣe ń ran èkejì lọ́wọ́

Bí adánilágara bá ń bá gbogbo ọmọ aráyé, kí ni ó dé tí iyè gbogbo wọn kò dàrú? Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ohun tí Joseph Zubin àti Bonnie Spring kọ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1977 kò jìnnà sí èyí. Wọ́n ní olúkúlùkù ni ó ní ìwọ̀n àyè tí àrùn lè gbà wọlé, ìwọ̀n náà kò sì dọ́gba. A lè pè é ní àyè-àrùn. Apá kan rẹ̀ jẹ́ àjogúnbá. Apá kan ń wá láti inú ìgbésí ayé, bí ìṣòro nígbà ìbí tàbí ìyà tí a fi jẹ ọmọ. Àkójọpọ̀ ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2012 fi hàn pé ìyà ìgbà èwe ń sọ ewu ìdàrú-iyè di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tí àyè-àrùn rẹ̀ bá tóbi, adánilágara kékeré lè tó láti dá a wó. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré lè la ìpọ́njú ńlá kọjá láìṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n kí a má fi òwe dá aláìsàn lẹ́bi: ògiri kì í fọwọ́ ara rẹ̀ la ẹnu.

Nínú ara, báyìí ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Bí ènìyàn bá rí ewu, apá ìsàlẹ̀ ọpọlọ a ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ kékeré tí ó rọ̀ mọ́ ọn. Ẹṣẹ́ yìí a gba inú ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹṣẹ́ tí ó wà lórí kíndìnrín méjèèjì. Àwọn náà a sì tú oje tí a ń pè ní kọ́tísọ́ọ̀lù jáde. Oje yìí ṣàǹfààní fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ó ń fún ara ní okun láti sá tàbí láti jà. Bí ewu bá kọjá, ọpọlọ a dá a dúró. Bí kò bá kọjá, oje náà kò ní dáwọ́ dúró, oorun a sá, apá ọpọlọ tí ń tọ́jú ìrántí a sì máa jìyà.

Másùnmáwo a tún máa mú kí dópámíìnì pọ̀ sí i. Èyí ni ìránṣẹ́ tí ọpọlọ fi ń sàmì sí ohun tí ó ṣe pàtàkì. Nígbà tí ó bá pọ̀ jù, ohun tí kò já mọ́ nǹkan a di ohun ńlá: ọ̀rọ̀ akéde orí rédíò a dà bí ẹni pé òun ni a ń bá wí, ẹ̀rín àwọn àjèjì lójú ọ̀nà a di ọ̀tẹ̀. Iyè a wá máa wá ìtumọ̀ sí gbogbo rẹ̀, ìtumọ̀ tí ó bá rí ni ó sì ń di èrò òdì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ egbòogi tí a fi ń wo àrùn yìí, láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo chlorpromazine ní Paris ní 1952, ni ó ń dí ọ̀nà mọ́ ìránṣẹ́ yìí.

4. Ẹ̀rí

Ní London ní ọdún 1968, George Brown àti James Birley fi hàn pé, láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ṣáájú àìsàn, àwọn aláìsàn tí ó súnmọ́ ìdajì ni ohun ńlá kan ti ṣẹlẹ̀ sí láìṣe ọwọ́ ara wọn. Láàrin àwọn tí ara wọn dá, nǹkan bí ẹnì kan nínú méje ni. Ìwádìí mìíràn tí a ṣe ní London, Nottingham àti Bristol, tí a tẹ̀ jáde ní 2006, kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ó fi hàn pé irú ìdàrú-iyè tí a ń pè ní skisofréníà ń mú àwọn ènìyàn dúdú tí ó ti ilẹ̀ Áfíríkà wá ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà iye tí ó ń mú aláwọ̀ funfun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn tí ó ti erékùṣù Káríbíánì wá ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́sàn-án. Àwọn tí ó wà ní erékùṣù wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹ̀jẹ̀ nìkan kò lè jẹ́ ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń tọ́ka sí ìyàsọ́tọ̀, ìrẹ́nijẹ àti àdádó.

5. Ọ̀rọ̀ ẹnu gẹ́gẹ́ bí adánilágara

Ní 1976, Christine Vaughn àti Julian Leff ròyìn ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn lẹ́yìn tí ó bá padà sílé. Ní oṣù mẹ́sàn-án, nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó padà sí ilé tí wọ́n ti ń bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n tàbí tí wọ́n ti ń ṣe àníyàn àṣejù lé wọn lórí ni àrùn tún kọlù. Ní ilé tí ó tutù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ni. Thomas Adéoyè Lámbò ti rí agbára ẹbí ṣáájú wọn. Láti 1954 ní Àrò, Abẹ́òkúta, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí a bá yàn kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ akadá lásán. Ẹni tí a ń pè ní wèrè lójoojúmọ́ ń gba adánilágara kún èyí tí ó ti ní. Ìyá tí ó bá sì ka ìwé ìlera tí ó pe àrùn náà ní wèrè lè fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sínú yàrá nítorí ìtìjú, bí ìtọ́jú sì ṣe ń pẹ́ ni ìwòsàn ń le sí i.

Ìkádìí

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìwọ̀nyí:

Adánilágara: ohun tí ó ń ni ènìyàn lára.
Másùnmáwo: ohun tí ara àti ọkàn ń ṣe sí adánilágara.
Àyè-àrùn: ìwọ̀n bí àrùn ṣe lè rọrùn tó láti mú ẹnì kan.
Ìdàrú-iyè: àìlè ya ohun tí ó wà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò sí.
Ohùn àìrí: ohùn tí aláìsàn nìkan ń gbọ́.
Èrò òdì: èrò tí ẹ̀rí kò lè yí padà.

Pẹ̀lú wọn, a lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà ní gbólóhùn kan tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama yóò lóye: bí adánilágara bá pọ̀ tàbí tí ó bá pẹ́ lára ẹni tí ó ní àyè-àrùn, másùnmáwo rẹ̀ lè di ìdàrú-iyè. Kí àwọn olùkọ́ dán an wò ní kíláàsì, kí àwọn atúmọ̀-èdè sì dán an wò létí ẹbí aláìsàn. Èyí tí kò bá wọlé sí wọn létí, kí a pààrọ̀ rẹ̀.