Ṣé Wáyà Olówó Gọbọi Lè Tún Ohùn Sípíkà Ṣe?

Ẹni tó bá fẹ́ràn orin kì í pẹ́ kó tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí yóò sọ fún un pé wáyà tó so sípíkà rẹ̀ mọ́ ámpílífáyà kò dára tó. Wọn yóò ní bí ó bá lè ra èyí tó ki bí okùn ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n fi wúrà bo ẹnu rẹ̀, dùndún yóò máa fọhùn nínú pálọ̀ bí ẹni pé onílù gan-an ló jókòó síbẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n àbùmọ́ ló pọ̀ jù.

Gbogbo wáyà ló máa ń dènà iná díẹ̀. Bí ó bá ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó, tí ó sì gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni ìdènà náà ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ ká mú wáyà bàbà tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní 1.5 mm, kí sípíkà sì wà ní mítà 5 sí ẹ̀rọ. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mítà 10, ìdènà rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.12 ohm lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà oní-8 ohm, kí ni ìyẹn jámọ́? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá na wáyà 0.5 mm dé mítà 15 lọ sí ẹ̀yìnkùlé nítorí ìkómọ, tí sípíkà sì jẹ́ oní-4 ohm, ìdènà yóò ju 1 ohm lọ, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára iná yóò sì ṣòfò sínú wáyà. Ẹni tó bá pààrọ̀ irú èyí yóò gbọ́ ìyàtọ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, ojú ló sábà máa ń bá etí gbọ́ràn. Ní 2007, James Randi, pidánpidán ọmọ Kánádà tó fi Amẹ́ríkà ṣe ilé, ṣèlérí 1,000,000 dọ́là fún ẹni tó bá lè fi etí nìkan mọ wáyà 7,250 dọ́là yàtọ̀ sí èyí tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó gba owó náà.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí wọ́n kun ilé Bàbá mi Kékeré ní ọ̀dà tán, béèsì orin wọn ṣàdédé pòórá. Ẹni tó wá wò ó ní àfi wáyà tuntun, 90,000 náírà. Owó ìdánwò àṣekágbá àbúrò mi ni wọ́n fẹ́ fi san án.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó."

"Ìwọ tó kàwé Yorùbá, kí lo mọ̀ nípa iná?"

Mo fa àpótí síwájú. Lẹ́yìn sípíkà apá òsì, wọ́n ti ki wáyà pupa bọ ihò dúdú, wọ́n ki dúdú bọ pupa. Nígbà tí sípíkà kan bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, èkejì ń fà á sẹ́yìn, ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì á sì pa ara wọn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ láti tún un ṣe. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó mú àpò jáde.

Bí ẹ bá ní láti ra wáyà lóòótọ́, ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹnu rẹ̀ lójú ọlọ́jà. Bí funfun bá yọ lábẹ́ àwọ̀ pupa, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ìdènà alumíníọ̀mù tó nǹkan bí ìlọ́po kan àbọ̀ ti bàbà, nítorí náà ẹ ra èyí tó ki jù ú lọ tàbí kí ẹ dín owó kù fún un. Bí ẹnu wáyà àtijọ́ bá ti dúdú, ẹ gé e, ẹ bó tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé sípíkà kúrò ní kọ̀rọ̀ ògiri, ẹ sún un síwájú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa tẹ́tí sí i. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń yí ohùn padà ju wáyà lọ.