Òkú Tí Wọ́n Fẹ̀sùn Kàn Pé Ó Fipá Bá Ọmọdé Lò Pọ̀: Kí Ló Tọ́ Kí Ẹni Tó Ń Kọ Ìtàn Ayé Rẹ̀ Ṣe?

Ẹni tó bá ti Ọ̀kà Àkókó gba Ìkàrẹ́ kọjá kò ní í pẹ́ dé Àrìgìdì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Temitope Balogun Joshua ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1963. T. B. Joshua ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, òun ló dá ìjọ Synagogue Church of All Nations sílẹ̀ ní Ìkọ̀tún, l'Ékòó. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Àkókó ló sì ń rántí oore tó ṣe.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, BBC àti openDemocracy gbé ìwádìí kan jáde nípa rẹ̀. Àwọn tó lé ní 25 tí wọ́n ti gbé nínú ọgbà ìjọ náà tẹ́lẹ̀, láti Nàìjíríà, Gánà, Nàmíbíà, Gúúsù Áfíríkà, Amẹ́ríkà, Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ohun tí ojú wọn rí. Àwọn obìnrin kan nínú wọn sọ pé ó fipá bá àwọn lò pọ̀. Ọ̀kan sọ pé ọmọ ọdún 17 ni òun nígbà tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Ìjọ náà sọ pé kò sí òtítọ́ nínú ẹ̀sùn wọ̀nyí. Ilé ẹjọ́ kankan kò dá Joshua lẹ́bi lórí wọn, òun fúnra rẹ̀ kò sì lè fèsì mọ́.

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, a kò mú ọ̀rọ̀ yìí wá láti fi ẹlẹ́sìn mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá jẹ́ Ààfáà tó ní ilé kéú ni wọ́n fẹ̀sùn yìí kàn lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni yóò dìde: kí ni kí ẹni tó fẹ́ kọ ìtàn ayé rẹ̀ ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò sọ pé, “Ó ti kú, ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́hun.”

Ṣé ẹ̀sìn ní kí a bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀?

Òótọ́ ni pé hádíìsì wà, tí ìyá wa Áíṣà gbà wá, tó kọ̀ fún wa láti máa bú òkú. Ṣùgbọ́n èébú yàtọ̀ sí ẹ̀rí. Nínú ìmọ̀ hádíìsì, ẹ̀ka kan wà tí wọ́n ń pè ní Al-Jarh wat-Ta'dil. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ ìgbésí ayé àwọn tó gba hádíìsì wá wò. Ìmáámù Bùhárí kọ ìwé ńlá lórí wọn. Al-Dhahabi, tó kú ní ọdún 1348, kọ Mizan al-I'tidal lórí àwọn tí ọ̀rọ̀ ń bẹ lára wọn. Òkú ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ, síbẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá ń purọ́, tàmẹ̀dù kò ṣeé gbára lé. Àwọn onímọ̀ kò kà á sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, nítorí pé ààbò ẹ̀sìn ló wà fún. Wọ́n fi ààlà sí i: ohun tó dájú nìkan ni kí a sọ, kí ó má sì kọjá ibi tí a nílò rẹ̀ dé.

Bí a bá lè ṣe èyí láti dáàbò bo hádíìsì, kí ló dé tí a kò ní í lè ṣe é láti dáàbò bo ọmọdé?

Ẹ̀kọ́ láti inú ìwé méjì

Eric Gill jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, agbẹ́kùúta àti òǹkọ̀wé. Òun ló ya irú lẹ́tà ìtẹ̀wé tí wọ́n ń pè ní Gill Sans. Ó kú ní ọdún 1940. Robert Speaight kọ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní ọdún 1966, ṣùgbọ́n kò sọ àṣírí kan tó wà níbẹ̀. Ní ọdún 1989 ni Fiona MacCarthy fi ìwé tí Gill fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lójoojúmọ́ hàn pé ó ń bá méjì nínú àwọn ọmọbìnrin tó bí ṣe ìṣekúṣe nígbà tí wọ́n ṣì kéré. MacCarthy kò sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ Gill kò dára. Ó gbé méjèèjì kalẹ̀ kí òǹkàwé fojú ara rẹ̀ rí i.

Ti Alice Munro ti ilẹ̀ Kánádà yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ló hùwà náà. Munro gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2013. Ọmọ ọdún 9 ni ọmọbìnrin rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin náà, tí kì í ṣe bàbá rẹ̀, kọ́kọ́ bá a ṣe ìṣekúṣe ní ọdún 1976. Ọmọ náà sọ fún ìyá rẹ̀ nínú lẹ́tà ní ọdún 1992, síbẹ̀ Munro kò kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 2005, ọkùnrin náà gbà nílé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi. Ọdún yẹn kan náà ni ìwé Robert Thacker lórí ìgbésí ayé Munro jáde. Ọmọ náà ti kọ̀wé sí Thacker, ṣùgbọ́n Thacker kò fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé rẹ̀. Oṣù keje ọdún 2024, lẹ́yìn ikú Munro, ni gbogbo ayé tó gbọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ ìyà ogún ọdún yẹn? Ọmọ náà ni. Ẹni àkọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn án, àwọn tó kù sì dákẹ́ lé e lórí.

Ohun tó yẹ kí òǹkọ̀wé ṣe

Àkọ́kọ́, kí ó wá ẹ̀rí. Súrà Al-Hujurat, áyà 6, pa á láṣẹ fún wa láti ṣèwádìí ìròyìn kí a tó gbà á. Ohun tí ẹni náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tàbí ohun tó gbà nílé ẹjọ́, lágbára ju ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jà lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rí ẹnu ni, kí ó wò ó bóyá àwọn tí kò mọ ara wọn rí ń sọ ohun kan náà. Kí ó kọ èsì àwọn tó ń ṣojú òkú náà pẹ̀lú.

Èkejì, kí ó pe ọ̀rọ̀ náà ní orúkọ rẹ̀. Ọmọdé kò lè gbà fún àgbàlagbà, nítorí náà kò gbọdọ̀ kọ ọ́ pé wọ́n “fẹ́ra”.

Ẹ̀kẹta, kí ó dáàbò bo ẹni tí wọ́n ṣe níṣekúṣe: kí ó má dárúkọ rẹ̀ láìgba àṣẹ, kí ó má sì ṣe àlàyé ohun tí wọ́n ṣe sí i bí ẹni ń pa àlọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí ó kọ bí ó ṣe ṣeé ṣe. Ta ló mọ̀? Ta ló dákẹ́? Kí ló mú kí ẹnikẹ́ni má lè bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè? Ibí yìí ni àǹfààní rẹ̀ wà fún àwọn tó ṣì wà láàyè, nítorí pé ìwà òkú kò lè yí padà mọ́, ṣùgbọ́n ìṣesí tiwa lè yí padà.

Èyí tó kan ilé wa

Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni a ti ń sọ ìtàn òkú. À ń sọ ọ́ níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, nínú mọ́ṣáláṣí, àti nídìí oúnjẹ alẹ́. Àwọn ọmọ wa ń gbọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ tí bàbá wọn ń sọ nípa ẹni tó fẹ̀sùn kan olókìkí pé, “Owó ló ń wá,” láì tíì wádìí ohunkóhun, wọ́n ti mọ ohun tí bàbá yóò sọ bí ó bá kan àwọn fúnra wọn. Wọn yóò pa ẹnu mọ́.

Súrà An-Nisa, áyà 135, ní kí a dúró lórí òdodo, kódà bí ó bá tako àwa fúnra wa, òbí wa tàbí ẹbí wa. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ láti ìsinsìnyí pé kò sí Ààfáà, wòlíì, tíṣà tàbí àbúrò bàbá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju tiwọn lọ lójú yín. Bí ọmọ bá sì sọ nǹkan, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì fi tó àwọn ọlọ́pàá létí. Ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ẹni náà yóò kú kí ẹ tó sọ ọ́.

Kí Ọlọ́hun Ọba dáàbò bo àwọn ọmọ wa. Àmín.