Wọ́n ra kámẹ́rà HD tán, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tí èèyàn yóò wọ̀ nínú ìlú ńlá lónìí tí kò ní í bá tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ lára ògiri. Lẹ́tà méjì, HD, ni àwọn tó ń tà á fi ń polówó rẹ̀, wọ́n á ní àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere bí ojúmọ́. Ohun tó wá ń ya ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lẹ́nu ni pé bí wọ́n bá fi fíìmù Yorùbá tí wọ́n rà láyé kásẹ́ẹ̀tì fídíò sí i, bàìbàì ni yóò máa ṣe, ó tilẹ̀ lè burú ju bó ṣe rí nínú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó ní iké lẹ́yìn lọ. Àwọn mìíràn a tìtorí ẹ̀ ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Tẹlifíṣọ̀n kò ṣe nǹkan kan. Ohun tí kámẹ́rà kò rí lọ́jọ́ tí wọ́n ya fíìmù náà ni kò sí níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì rí yóò tètè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́. Ìlà ni wọ́n fi ń hun àwòrán tẹlifíṣọ̀n, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí òwú ṣe ń tẹ̀ lé òwú. Nínú irú èyí tí Nàìjíríà lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlà 625 ni gbogbo rẹ̀, 576 ló sì ń hàn sójú. HD tó péye ní ìlà 1,080, ó sì tún fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí èèyàn bá ka àwọn àmì kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́ tó para pọ̀ di àwòrán kan, 414,720 ni ti àtijọ́, 2,073,600 sì ni ti HD. Ìlọ́po márùn-ún géérégé nìyẹn. Kásẹ́ẹ̀tì VHS kò tilẹ̀ gbé gbogbo ti àtijọ́ yẹn dúró. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ńlá bá wá gba àwòrán kékeré bẹ́ẹ̀, ṣe ni yóò fà á títí yóò fi kún ojú rẹ̀, bí ẹni ń fa ẹ̀wù ọmọdé wọ àgbàlagbà. Bí ẹni tó ni tẹlifíṣọ̀n kò bá sì mọ bí a ṣe ń tò ó, yóò fẹ àwòrán náà sí ẹ̀gbẹ́, òṣèré tó tínrín á wá dà bí ẹni tó ń jẹyán láàárọ̀ lálẹ́.

Kì í ṣe àná ni iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ NHK ní orílẹ̀-èdè Japan ti ń ṣèwádìí lórí rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìdíje Olympics tó wáyé ní Tokyo ní ọdún 1964. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ olówó ni. Ọdún 1997 ni Sony gbé kámẹ́rà HDCAM jáde, irú rẹ̀ ni George Lucas sì fi ya Star Wars tó jáde ní 2002. Ta ni yóò ra irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ n'Ìbàdàn tàbí n'Ídúmọ̀tà? Ohun tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀ ni HDV tó jáde ní 2003, nítorí tẹ́ẹ̀pù MiniDV kékeré tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ náà ló ń lò. Nígbà tó di 2008, Canon gbé kámẹ́rà fọ́tò kan jáde, 5D Mark II, tó lè ya HD. Bí ẹni tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ṣe di ẹni tó ń ya fíìmù nìyẹn.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe eré, kì í ṣe ìtura ni kámẹ́rà HD kọ́kọ́ mú wá, àṣírí ló kọ́kọ́ ń tú. Irùngbọ̀n tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n òṣèré kí ó lè ṣe baálẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fura sí nínú kásẹ́ẹ̀tì, etí gọ́ọ̀mù náà á hàn gbangba. Àtíkè ojú òṣèrébìnrin á dà bí ẹfun lára ògiri. Páálí tí wọ́n kùn pé kó jọ ògiri ààfin, páálí ni yóò jẹ́. Jagunjagun ayé Ọ̀yọ́ Ilé á na apá sókè, àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára á sì wà níbẹ̀ rokoṣo. Nítorí náà, owó tí olóòtú eré rò pé kámẹ́rà nìkan ni yóò gbé lọ, ẹni tó ń kun ojú òṣèré, aránṣọ, káfíńtà àti ẹni tó ń tan iná yóò pín níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gíláàsì kámẹ́rà tún wà níbẹ̀. Bí ayàwòrán bá ṣe àṣìṣe díẹ̀ tí ojú òṣèré kò fi mọ́ dáadáa, kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ a máa bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n HD kò mọ ìbora. Ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà lára kámẹ́rà náà a sì máa tan èèyàn jẹ. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń gbé tẹlifíṣọ̀n tó tóbi díẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ti ohùn ńkọ́? HD kò tún ohùn ṣe. Jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lẹ́yìnkùlé nígbà tí ọba ń bá ìjòyè sọ̀rọ̀ ṣì ń dún síbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń gé àwòrán, tí wọ́n ń tò ó pọ̀, ni ọ̀pọ̀ ti ń kábàámọ̀. Kí àwòrán tó pọ̀ tó báyìí tó lè gba inú tẹ́ẹ̀pù kékeré, kámẹ́rà HDV kì í kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lódindi. Yóò kọ àwòrán kan pé, lẹ́yìn náà, ìyàtọ̀ tó bá dé bá èyí tó tẹ̀ lé e nìkan ni yóò máa kọ, kó tó tún kọ odindi mìíràn. Bí wọ́n bá fẹ́ gé e láàárín, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣírò gbogbo ohun tí kámẹ́rà fò. Kọ̀ǹpútà tó ti ń ṣe iṣẹ́ àtijọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ á wá máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i dára: wọn a ṣe ẹ̀dà kékeré tí kò wúwo, òun ni wọn yóò gé, tí wọn yóò tò, gẹ́gẹ́ bí aránṣọ ṣe ń kọ́kọ́ gé bébà kó tó fi ọ̀bẹ kan aṣọ olówó iyebíye. Bí ẹ̀dà náà bá ti tò tán, kọ̀ǹpútà á fi ojúlówó rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí yóò kàn gbé ẹ̀dà kékeré jáde ni, gbogbo owó HD á sì ṣòfò.

Ká tilẹ̀ ní ó yege níbẹ̀, àwòrán náà kò tíì dé abúlé. Ìjọba Nàìjíríà ti fi 17 oṣù kẹfà ọdún 2015 ṣe ọjọ́ tí gbogbo tẹlifíṣọ̀n yóò kúrò lórí ètò àtijọ́ bọ́ sí dígítà, ọjọ́ náà kọjá láìrí i ṣe. Jos ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2016, wọ́n dé Òṣogbo ní 2018, ó sì di 2021 kí wọ́n tó ṣí i l'Ékòó. Ẹ̀tàn kan sì wà níbẹ̀ tó yẹ kí olùwòran mọ̀: dígítà kọ́ ni HD. Àpótí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n lè gbé àwòrán ìlà 576 wá láìní ariwo, láìní yìnyín, kí ó má sì jẹ́ HD rárá.

Síbẹ̀, èyí tó yẹ kó máa ba àwọn onítíátà lẹ́rù jù ni ibi tí iṣẹ́ ń sùn sí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é tán. Láyé tẹ́ẹ̀pù, ojúlówó a máa wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì olóòtú. Káàdì ni kámẹ́rà ń lò báyìí, káàdì sì wọ́n, nítorí náà wọn á da àwòrán inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọn á pa inú káàdì rẹ́, wọn á tún fi ya tuntun. Wákàtí kan HD tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá ń gbà a máa gba ju gígábáìtì 20 lọ, olóòtú eré sì lè ya ogójì wákàtí fún fíìmù kan. Bí inú háàdì dísìkì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, tí ọmọdé sì ta kọ́ọ̀dù rẹ̀ tó já bọ́ láti orí tábìlì, fíìmù náà di ìtàn. Dísìkì kejì, kó wà nílé ẹlòmíràn, kò wọ́n tó iye tí wọ́n fi ń bọ́ àwọn òṣèré fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tó yani lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé èyí tó dàgbà jù nínú àwọn fíìmù wa ló lè di HD. Hubert Ògúndé fi celluloid ya Ayé ní 1979 àti Jáyésinmi ní 1980, irú fíìmù onírólù tí wọ́n ń fi pirojẹ́kítọ̀ gbé sára aṣọ funfun. Túndé Kèlání pẹ̀lú, tó ti ṣe ayàwòrán ní WNTV Ìbàdàn, ya ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ fún àwọn olóòtú mìíràn kó tó bọ́ sí fídíò. Ohun tó wà lára celluloid pọ̀ ju ohun tí VHS lè gbà lọ. Nígbà tí náírà ṣubú lẹ́yìn 1986, tí celluloid di ọ̀wọ́n, ni wọ́n sá lọ sídìí VHS, èyí tí kò sí kọ̀ǹpútà tó lè fi ohun tí kò rí kún un.

Ṣùgbọ́n celluloid náà ń kú. Ooru àti ọ̀rinrin a máa bà á jẹ́ títí yóò fi máa rùn bí ọtí kíkan. Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé kí wọ́n tó rí i nínú àká fíìmù ìjọba ní Jos. Wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú àwọn ará Jámánì, wọ́n sì gbé e jáde ní Berlin ní 2018. Ní ti kásẹ́ẹ̀tì tó wà nílé oníkálukú, ilé iṣẹ́ Funai ní Japan, tó kù tó ń ṣe ẹ̀rọ VHS, ti jáwọ́ ńbẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2016. Ẹni tó bá ṣì ní ẹ̀rọ kan tó ń ṣiṣẹ́ lè fi da ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Kò ní í di HD, ṣùgbọ́n yóò ṣì wà.