Ọmọ wà ní kíláàsì 5, kò lè kàwé: Wo ọ̀nà ìkọ́ni tó lè ràn án lọ́wọ́

Àjọ UNICEF sọ pé mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà ni kò lè ka gbólóhùn kúkúrú.

Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n ìwé ètò ẹ̀kọ́ ni olùkọ́ ń tẹ̀lé, kì í ṣe òye ọmọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Àjọ Pratham ní India ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Teaching at the Right Level. Olùkọ́ á pe ọmọ kọ̀ọ̀kan kó ka lẹ́tà, ọ̀rọ̀, ìpínrọ̀ àti ìtàn. Ibi tí ọmọ bá ka ìwé dé ni wọ́n á fi pín in sí ẹgbẹ́, kì í ṣe ọjọ́ orí tàbí kíláàsì rẹ̀. Wọ́n á máa fi eré kọ́ wọn lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n á bọ́ sí ẹgbẹ́ tó kàn.

Ǹjẹ́ ó ń ṣiṣẹ́?

Ìwádìí Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ Nobel lọ́dún 2019, wà lára èyí tó fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ níbi tí wọn kò bá ti ya àkókò sọ́tọ̀ fún un, kì í fi bẹ́ẹ̀ so èso.

Côte d'Ivoire ń lò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni Kano àti Borno.

Kí ni òbí lè ṣe?

Ẹ ní kí ọmọ yín ka ìtàn kúkúrú sókè. Ibi tó bá ti dúró ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.