Bí Àtọ̀gbẹ Bá Ba Kíndìnrín Ẹ̀gbọ́n Jẹ́, Ẹ Yẹ Ìtọ̀ Àbúrò Wò

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ kò lè ṣàì mọ dòdò Ìkirè: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá pípọ́n, tí wọ́n gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n wá dín nínú epo pupa títí tó fi dúdú. Bí àtọ̀gbẹ bá mú ẹnì kan ní Ìkirè, tàbí ní Àpòmù tó múlé gbè é, irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ làwọn ará ilé kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. Àmọ́ bí ọdún bá ti gorí ọdún, tí ẹsẹ̀ aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí wọ́n ní kíndìnrín rẹ̀ ti ń kọṣẹ́, ẹjọ́ á yí padà. Wọn á ní bàbá rẹ̀ náà wú báyìí kó tó kú, pé àrùn ìdílé ni, kò sì sóhun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe sí i. Lójú tèmi, òótọ́ tó wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn pọ̀ ju bí àwọn olùkọ́ni nípa ìlera ṣe máa ń sọ ọ́ lọ. Gbólóhùn kejì ni kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, òun ló sì ń pa èèyàn.

Kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan asẹ́ tíntìntín tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Asẹ́ yìí ń jẹ́ kí omi àti ìdọ̀tí bọ́ sínú ìtọ̀, ó sì ń dá purotéènì tí wọ́n ń pè ní albumin dúró sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ara asẹ́ náà á nípọn, á sì bàjẹ́, albumin á wá máa jò sínú ìtọ̀. Lẹ́yìn náà ni asẹ́ á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí èyí tó kù kò fi ní lè ká iṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo alátọ̀gbẹ lèyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Nínú mẹ́wàá, bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni. Àwọn kan wà tí ṣúgà wọn kò gbọ́ràn fún ogún ọdún tí kíndìnrín wọn ṣì le koko. Àwọn mìíràn kò tíì lo oògùn pẹ́ tí ìfófòó ti ń bo ojú ìtọ̀ wọn. Ṣúgà nìkan kò lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí.

Ní 1989, Elizabeth Seaquist àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota, ní Amẹ́ríkà, yẹ àwọn ọmọ ìyá tí àtọ̀gbẹ ń ṣe tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wò. Níbi tí kíndìnrín ẹni àkọ́kọ́ ti bàjẹ́, 24 nínú 29 ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n rí àmì àrùn náà lára tiwọn. Níbi tí tẹni àkọ́kọ́ ti pé, méjì péré ni nínú 12. Ẹnì kan lè ní inú ìkòkò kan náà ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti ń jẹun, pé ọbẹ̀ ni kí a bi, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó ní láárí, èèyàn 41 kò sì pọ̀. Àmọ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, David Pettitt àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ẹ̀yà Pima ní Arizona, níbi tí àtọ̀gbẹ ti wọ́pọ̀ gan-an. Ilé tí òbí ti ní àtọ̀gbẹ ni wọ́n wò, wọ́n sì wo àwọn ọmọ wọn tí àtọ̀gbẹ mú. Bí purotéènì kò bá jò sínú ìtọ̀ òbí kankan, ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ni tiwọn ń jò. Bí ti òbí kan bá ń jò, 23. Bí ti àwọn méjèèjì bá ń jò, 46. Ẹ̀yà kan náà ni gbogbo wọn, àtọ̀gbẹ sì wà nínú gbogbo ilé wọ̀nyẹn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ipò tí kíndìnrín òbí wà.

Èwo wá ni jíìnì tó ń ṣe é? Jíìnì ni ìlànà tí ara fi ń mọ ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan, ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n nídìí AA, AS àti SS. Ìdáhùn tó ti gbòde kan ni jíìnì tí wọ́n ń pè ní APOL1, ìtàn rẹ̀ sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà Àpòmù ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jí ọmọ ọlọ́mọ tà, tí ọ̀rọ̀ fi di ogun Òwu. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú láwọn ọdún ogun wọ̀nyẹn ló dèrò Brazil àti Cuba. Àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mìíràn ti ṣáájú wọn dé Amẹ́ríkà. Ara àwọn àtọmọdọ́mọ wọn tó wà ní Amẹ́ríkà ni àwọn onímọ̀ ti wá ìdí tí kíndìnrín aláwọ̀ dúdú fi ń tètè bàjẹ́ ju ti aláwọ̀ funfun lọ, ní 2010 sì ni wọ́n kan APOL1. Ẹ̀jẹ̀ tí àwọn Yorùbá kan ní Ìbàdàn ti fi sílẹ̀ fún ìwádìí àgbáyé ló jẹ́ kí wọ́n mọ bí ẹ̀dà rẹ̀ tó léwu ṣe pọ̀ tó láàárín wa: èyí tí wọ́n pè ní G1 kó bíi ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹ̀dà jíìnì náà tí wọ́n kà lára wọn. Ó pọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn ẹ̀dà wọ̀nyí ń ran ara lọ́wọ́ lòdì sí kòkòrò àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, gẹ́gẹ́ bí AS ṣe ń gbèjà ọmọdé lọ́wọ́ ibà. Ní 2024, Rasheed Gbadegesin, Ifeoma Ulasi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sọ èsì ìwádìí lórí èèyàn 8,355 ní Nàìjíríà àti Ghana: nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀dà méjì, ẹni tó ní ẹyọ kan pàápàá kò sì bọ́ pátápátá.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ọ̀rọ̀ mú. APOL1 kọ́ ló ń fa àrùn kíndìnrín tí àtọ̀gbẹ ń dá sílẹ̀. Iṣẹ́ Barry Freedman àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wake Forest, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé àrùn kíndìnrín tí kò ti ọ̀dọ̀ àtọ̀gbẹ wá ni jíìnì yìí so mọ́. Ohun tí ìwádìí kan ní 2013 fi kún un ni pé bí kíndìnrín aláwọ̀ dúdú bá ti ń ṣàìsàn, ẹni tó ní ẹ̀dà méjì ni tirẹ̀ ń yára bàjẹ́ jù, ì báà ní àtọ̀gbẹ, ì báà má ní in. Ìyẹn mú ọ̀rọ̀ kan wá tí mo rò pé a kì í sọ tó: nílẹ̀ wa, níbi tí kì í ti í rọrùn láti bu bíńtín lára kíndìnrín lọ yẹ̀ wò, ẹni tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ ló ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ lè jẹ́ ẹni tí nǹkan mìíràn ń bá jà. Ní ti àtọ̀gbẹ gan-an, jíìnì púpọ̀ ló ń dá díẹ̀díẹ̀ kún un. Ọ̀kan tí ẹ̀rí rẹ̀ dúró dáadáa ni COL4A3, tó ń pèsè lára ohun tí wọ́n fi mọ ara asẹ́ náà. Ní 2019 ni wọ́n rí i pé àyípadà kan nínú rẹ̀ ń dáàbò bo alátọ̀gbẹ. Àwọn aláwọ̀ funfun bíi 19,000 ni wọ́n ti rí i. Ní tiwa, Charles Rotimi àti Adebowale Adeyemo ti fi ọdún púpọ̀ kó ẹ̀jẹ̀ jọ ní Ìbàdàn, Èkó, Enugu, Accra àti Kumasi, wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé jíìnì kan tó ń jẹ́ TCF7L2 wà lára ohun tó ń fa àtọ̀gbẹ láàárín aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú. Ọ̀ràn àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti kíndìnrín.

Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí yóò mẹ́nu ba ìwádìí kan. Ní 1997, Richard Cooper àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn ènìyàn wa ní Nàìjíríà wé aláwọ̀ dúdú ní Caribbean, Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó. Ní Nàìjíríà, àtọ̀gbẹ kò ju bíi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó, ó tó 11. Jíìnì kì í yí padà kíákíá báyẹn, oúnjẹ àti ìjókòó sójú kan ló ń yí. Mo gbà, kò sì ba ẹ̀rí mi jẹ́. Ayé tí à ń jẹ ló ń sọ iye ẹni tí àtọ̀gbẹ yóò mú, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ohun tó ń sọ kíndìnrín ta ni yóò kọ́kọ́ jò. Bí àtọ̀gbẹ bá ti ń pọ̀ sí i ní Ìkirè àti Àpòmù, ìdílé tí ohun tó jogún kò tíì hàn tẹ́lẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hàn.

Àtakò tó ṣòroó dáhùn jù ni ti ẹni tó ní bó bá ti jẹ́ àjogúnbá, kí là ń ná owó sí? Kò sí ẹni tó yí jíìnì ẹnikẹ́ni padà nínú ìwádìí kan lórí àtọ̀gbẹ tí wọ́n pè ní DCCT, tí wọ́n ṣe fún ọdún mẹ́wàá títí di 1993, síbẹ̀ ìtọ́jú ṣúgà gírígírí dín jíjò albumin tó hàn gbangba kù ju ìdajì lọ. Ọdún 1993 kan náà ni wọ́n fi hàn pé captopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kì í ṣe tuntun, dín ikú àti fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ kù ní ìdajì fún àwọn alátọ̀gbẹ tí kíndìnrín wọn ti ń jò. Ìdílé tí ewu pọ̀ sí ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ yóò wúlò fún jù, bí wọ́n bá tètè mọ̀. Kò sì pọn dandan kí wọ́n yẹ jíìnì wò. Títí di báyìí, kò sí àyẹ̀wò jíìnì tó lè sọ fún alátọ̀gbẹ ní Ìkirè bóyá kíndìnrín rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ìbéèrè kan ló ń ṣe é: ta ni kíndìnrín rẹ̀ bàjẹ́ nílé yín? Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ bàbá, ìyá tàbí ọmọ ìyá kò gbọ́dọ̀ dúró de kí ẹsẹ̀ wú. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì bọ inú ìtọ̀ máa ń yí láti àwọ̀ ìyeyè sí àwọ̀ ewé bí albumin bá ti pọ̀, àmọ́ kì í rí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ilé àyẹ̀wò tó bá fi albumin wé creatinine, ìdọ̀tí kan tí kíndìnrín ń sẹ́ dànù, nínú ìtọ̀ ló ń rí i. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kí alátọ̀gbẹ ṣe é, kó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ pẹ̀lú, kó sì jìnnà sí àwọn oògùn ara ríro tí à ń rà lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni ra epà.

Ibi kan tún wà tí ọ̀rọ̀ ìdílé ti di dandan. Ilé-ìwòsàn yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń ṣe ìpààrọ̀ kíndìnrín láti 2002, ọmọ ìyá aláìsàn ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ yọwọ́ láti fi ọ̀kan sílẹ̀. Kí wọ́n tó gba tirẹ̀, wọn óò wọn ṣúgà rẹ̀, wọn óò yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, nítorí ohun tó ba kíndìnrín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ lè wà lára òun náà. Ẹlòmíì ti débẹ̀ tán kó tó gbọ́ pé òun náà ní àtọ̀gbẹ.