Ilé wà nílé, ìsọ̀ wà ní Kánò: ibo la ó ti san owó orí?

Admin ni o. Ìyá oníbàtà fi àwòrán lẹ́tà kan ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní àwọn ń tajà ní Kánò, ilé àwọn wà nílé, ayálégbé wà nínú ẹ̀, ìjọba wo ló ni owó orí àwọn?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe èmi. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n fi lẹ́tà há ẹnu ọ̀nà ilé mi nílé, pé kí n wá san owó orí lórí owó tí àwọn ayálégbé ń san. Àyà mi já. Mo fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó lọ san án. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo ti san owó orí ọdún yẹn ní Kánò, owó ilé náà sì wà nínú ohun tí mo kọ fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo san án. Èyí tí mo jẹ gan-an, owó tenement tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lórí ilé, ọdún mẹ́ta ni mi ò san án, mi ò tiẹ̀ rántí.

Ṣẹ́ ẹ rí i, owó orí ń tẹ̀lé èèyàn ni. Ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún náà ló ni ín. Fún àwa tá à ń ṣiṣẹ́, ibùgbé tó sún mọ́ ibi iṣẹ́ wa jù ni òfin ń wò, kì í ṣe ibi tí wọ́n bí wa sí, kì í sì í ṣe ibi tí wọ́n máa sin wá sí. Owó tenement ní tiẹ̀, ibi tí ilé bá dúró sí ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìṣe nìyí. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2026 ní a ò ní san nǹkan kan lórí N800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún. Ẹnìkan wá sọ fún mi pé, "Admin, N600,000 ni owó ilé mi, kò kàn mí." Mo ní èrè ìsọ̀ yín ńkọ́? Ó ní bí N1,500,000. Wọn ò ní wò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ o! Wọ́n máa dà á pọ̀ ni: N2,100,000. Ẹ yọ N800,000, ó ku N1,300,000. 15% rẹ̀ ni owó orí, N195,000. Èrè ni mo wí o, kì í ṣe gbogbo ọjà tí ẹ tà.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa tó ní ilé nílé, ilé onílé là ń gbé níbí. 20% owó ilé tí ẹ ń san máa jáde nínú ìṣirò náà, àmọ́ ohun tó máa jáde ò gbọ́dọ̀ ju N500,000 lọ. Tí ẹ bá ń san N400,000 ní Sabon Gari, N80,000 ti kúrò nìyẹn, owó orí yẹn á di N183,000. Ẹ gba risíìtì lọ́wọ́ onílé yín. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ojoojúmọ́ kì í ṣe owó orí o. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ni wọ́n ń ti ìwé.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́lé sílé, tí ẹ ń bá a gba owó ilé, owó orí ọmọ nìyẹn. Nàìjíríà máa gba tiẹ̀, torí ilẹ̀ wa ni ilé wà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà fẹ́ gbọ́ nípa owó yẹn. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2025, ọmọ tó bá ti lé ní ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ wọn ò lè sọ pé òun ò tíì kó o wọ ìlú wọn. Àdéhùn wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì pé iye tó bá san níbí, wọ́n á yọ ọ́ nínú tiwọn. Risíìtì ló máa fi hàn wọ́n. Tó bá jẹ́ orúkọ yín ló wà lórí risíìtì, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ìyá oníbàtà, mo ti wo àwòrán yẹn dáadáa. Owó tenement ni wọ́n kọ sórí ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n bá yín san án, sí àkáǹtì ìjọba ìbílẹ̀ o, kì í ṣe sọ́wọ́ ẹni tó mú lẹ́tà wá.